Elégédé Tí Ṣìkẹ́mi Kò Gé

“Gbà á, ìyàwó. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi gbà á.”

Tonton Abíọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé elégédé ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Irú èyí tí èèpo rẹ̀ dúdú bí ewé tó sì le bí igi ni, irú tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà Bétérou, tó lè wà nílẹ̀ títí òjò yóò fi dá tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ kó tó jẹrà. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Olúwaṣìkẹ́mi kò dìde lórí ẹní tó jókòó sí. Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì fi wọ́n síbẹ̀.

“Ìyàwó mi, gbà á,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí láti ẹ̀gbẹ́ ààrò. “Má jẹ́ kó já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ.”

Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbé odidi elégédé wá. Ẹni tó ń bínú yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Wọn yóò sè é nínú ìkòkò kan, gbogbo wọn yóò jẹ ẹ́ nínú àwo kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n bí elégédé náà bá fọ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án, orí ẹni tó fọ́ ọ ni ìjà náà yóò kù sí. Ìdí nìyẹn tí Tonton Abíọ́lá, tó ní ọkọ̀ àti alùpùpù, fi fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ilé rẹ̀ nínú oòrùn.

“Ẹ gbé e kalẹ̀, Tonton,” ni Ṣìkẹ́mi wí.

Abíọ́lá wo ojú rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé elégédé náà sórí ẹní, ó fi ọwọ́ dì í mú títí ó fi dá a lójú pé kò ní yí.

“Wọ́n ní o sọ fún àwọn olùkọ́ collège yín tó wá kí ọ pé ọkọ̀ mi ló pa ọkọ rẹ.”

“Mo béèrè ni. Mo ní, kí ló ṣe ọkọ̀ náà?”

“Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Oorun ló gbé Tìmílẹ́yìn lọ. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá sọ nìyẹn. Oorun, àti ẹrù tí kò tò dáadáa, tí elégédé ń yí lu ara wọn tó sì ti ọkọ̀ síwájú lórí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èmi ò bá òkú jà. Mo ti dárí jì í.”

Mo ti dárí jì í. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Ṣìkẹ́mi nínú bí ẹ̀yin iná. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Olúwatìmílẹ́yìn ni gbogbo ẹni tó bá wọlé ti ń bá a tẹ ìbínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Olúwa ló fún ni, Olúwa ló gbà. Má sunkún mọ́, àwọn ọmọ ń wò ọ́. Opó kì í janu. Ó gbọ́ tiwọn. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú náà kò tán. Ó kàn ń kéré lójú, ó sì ń gbóná sí i, bí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi pọ́ǹpù ki sínú táyà.

Ẹrù tí kò tò dáadáa! Ta ló mọ elégédé tò tó Tìmílẹ́yìn ní gbogbo Tchaourou? Òun ló kọ́ ọ, lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, pé àwọn ńlá roboto tó ní ìlà lára ni wọ́n ń tò sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú koríko gbígbẹ lábẹ́ wọn. Àwọn ọlọ́rùn gígùn ni wọ́n ń ki sí àárín kí ohunkóhun má lè yí. Àwọn kéékèèké tí èèpo wọn ṣì rọ̀, tí àwọn ilé oúnjẹ Parakou ń pè ní courgette, òkè pátápátá ni tiwọn. “Elégédé tí o bá tẹ̀ jù kì í fọ́ lójú ẹsẹ̀,” ni ó máa ń sọ. “Lójú, kò sí ohun tó ṣe é. Inú ló ti ń rà bọ̀.”

“Tonton,” ni Ṣìkẹ́mi wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè, “frein ọkọ̀ náà, ìjánu rẹ̀, ńkọ́?”

Abíọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àgbà tó ti mọ̀ pé ìbéèrè náà ń bọ̀. “Frein? Èmi fúnra mi ló bójú tó o láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Epo frein ti lọ sílẹ̀, a wá a tì ní gbogbo ìlú. Mo ní kí Chérifou tó ń tún ọkọ̀ ṣe po omi ọṣẹ sí i, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Mo wọ inú ọkọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ báyìí.” Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi bàtà tẹ ilẹ̀ gbọnyin. “Ó le bí òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọlọ́pàá náà wọ inú ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó le bí òkúta. Saïd tí yóò máa wà á báyìí náà tẹ̀ ẹ́. Kí lo tún fẹ́?”

“Omi ọṣẹ,” ni Ṣìkẹ́mi wí.

“Kí ló ṣe omi? Ìwọ náà lo kọ́ Ayọ̀mídé mi. Ó mú ike abẹ́rẹ́ wálé, ó fi ìka dí ẹnu rẹ̀. Ó ní, Papa, ẹ wò ó, bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ó ṣeé tẹ̀, á súnkì. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, kò ṣeé tẹ̀. Ó ní Madame ló sọ bẹ́ẹ̀. Donc, bí omi kò bá ṣeé tẹ̀, kí ni omi ṣe frein?”

Ṣìkẹ́mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi pín àwọn ike abẹ́rẹ́ náà fún wọn ní kíláàsì.

“Voilà.” Abíọ́lá tún fìlà rẹ̀ ṣe. “Gé e lónìí, ìyàwó. Saïd fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ sí Bétérou báyìí, yóò sì kó ẹrù bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá ti dé, gbogbo wa ó jọ jẹun níbí. Kí ọ̀rọ̀ yìí tán.”

Ó jáde. Kò tíì rìn jìnnà nígbà tí ọmọrí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí ààrò. Màmá ti gbé omi kaná, ó ti gbé ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, elégédé ló ń dúró dè. Ṣìkẹ́mi ń wo ọmọrí náà. Ó gbéra sókè, ó ṣubú, ó tún gbéra.

“Màmá, kí ló ń gbé ọmọrí yẹn?”

“Èwo nìyẹn? Omi tó hó ni.”

“Omi ni, àbí ooru omi?”

“Ooru rẹ̀ ni. Kí lo ń béèrè bí ọmọdé?”

“Ẹ bá mi fi etí aṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

Ìyá àgbà náà wò ó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ti fẹ́ yí lórí, ṣùgbọ́n ó ká etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó tẹ ọmọrí náà. “Ó ń lọ, ó ń bọ̀,” ni ó wí. “Kò dúró.”

Ṣìkẹ́mi dìde.

“Omi tútù kò ṣeé tẹ̀, Màmá. Ohun tí mo kọ́ ọmọ wọn nìyẹn, òótọ́ sì ni. Bí awakọ̀ bá tẹ frein, omi tàbí epo tó wà nínú ọ̀pá ni yóò gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi táyà. Ṣùgbọ́n frein máa ń gbóná. Pẹ̀lú ẹrù, lórí ìsọ̀kalẹ̀, ó ń gbóná ju ààrò yìí lọ. Epo frein kì í tètè hó. Omi ń hó. Bó bá sì ti hó, ooru ló dà, ooru sì rí bí afẹ́fẹ́, ó ṣeé tẹ̀. Ooru ni Tìmílẹ́yìn ń tẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ibi táyà.”

“Wọ́n ṣáà ní ó le nígbà tí ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́.”

“Ó ti tutù nígbà náà. Ooru ti padà di omi. Bí ẹ bá gbé ìkòkò yìí sọ̀kalẹ̀ títí di ọ̀la, ta ni yóò mọ̀ pé ó hó rí?”

Màmá gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọrí. Iná ń ta pàràpàrà lábẹ́ ìkòkò.

“Tìmílẹ́yìn mi kò sùn?”

“Kò sùn, Màmá. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́.”

Ìyá àgbà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Opó kì í jáde kí wọ́n tó ká ọ̀fọ̀,” ni ó wí, bí ẹni ka ohun tó há sórí tipẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. “Saïd ti lọ bí?”

Ṣìkẹ́mi bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé elégédé náà.

Gáráàjì kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá Parakou ló wà. Àwọn tó rí i lọ́nà ń pe orúkọ rẹ̀, kò yà. Ọkọ̀ akẹ́rù bâchée náà dúró lábẹ́ igi kajú. Wọ́n ti fi ọ̀dà búlúù tuntun kun iwájú rẹ̀, kò sì bá ara rẹ̀ yòókù mu. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Saïd wà nídìí ọkọ̀, Saïd tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Tìmílẹ́yìn láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Waliath ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti ga, ń gbé ike oúnjẹ fún un gba ojú fèrèsé.

“Ẹ wò ó, Madame dé!” ni Chérifou, mẹkáníìkì, kígbe. “Bonne arrivée o! Ṣé a ní cours lónìí ni, àbí ẹ wá se elégédé fún wa?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀kọ́ ni, Chérifou. Má lọ síbì kankan, ìwọ ni mo wá kọ́.”

Ẹ̀rín náà kú. Tonton Abíọ́lá jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi, ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti sán.

“Ìyàwó! Pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn? Láàárín àwọn ọkùnrin?”

“Aṣọ ọ̀fọ̀ náà ló gbé mi wá, Tonton. Mo wá wo ẹni tí ẹ tún fẹ́ rán an fún.” Ó fi ojú tọ́ka sí Waliath. “Saïd, sọ̀kalẹ̀. Omi ọṣẹ ló wà nínú frein ọkọ̀ yẹn.”

“Tata Ṣìkẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́.” Saïd kò wo ojú rẹ̀. “Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó le.”

“Ó le nítorí pé ó tutù. Bí o bá kó ẹrù, tí o bọ́ sórí ìsọ̀kalẹ̀, frein á gbóná, omi náà á hó. Bó bá ti di ooru, wàá tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní mú ọ dúró. Bó bá sì yá, á tutù, á tún le, ọlọ́pàá á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ìwọ náà sùn.”

“Ẹ gbọ́!” Chérifou na irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sókè. “Gbogbo wa là ń ṣe é! Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é. Ta ló kú?”

Chérifou náà gbọ́ ohun tó sọ. Ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ó tó!” ni Abíọ́lá ké. “Ọkọ̀ mi ni. Obìnrin kì í kọ́ mi ní ọkọ̀ mi. Saïd, máa lọ! Bí o kò bá fẹ́ lọ, sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn pọ̀ níbí.”

Saïd ki ọkọ̀ sí jíà. Ṣìkẹ́mi kò ké. Ó rìn lọ síwájú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ pupa, ó gbé elégédé náà síwájú táyà, ó tì í títí èèpo rẹ̀ fi kan rọ́bà. Nígbà tó dìde, erùpẹ̀ ti bo orúnkún aṣọ dúdú rẹ̀.

“Ẹ gbé e wá fún mi kí ọ̀rọ̀ lè tán, Tonton. Òun rèé. Ẹ ní kí Saïd gùn ún kọjá.”

Ẹ́ńjìnnì ń dún. Àwọn tó jẹ́ ará ilé wọn níbẹ̀ wo Abíọ́lá, wọ́n wo táyà. Chérifou, tí kì í ṣe ará ilé wọn, bẹ̀rẹ̀. “Ṣé nítorí elégédé lásán? Ẹ jẹ́ n gbé nǹkan yìí kúrò.”

“Má fọwọ́ kàn án!” Ohùn Abíọ́lá já. Ó na ọwọ́ síwájú, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Nígbà náà ni Waliath sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti súnmọ́ kí wọ́n tó gbọ́.

“Saïd. Sọ fún un.”

“Kí ni kí n sọ?”

“Ohun tí ò ń sọ lójú oorun láti ìgbà tí Tìmílẹ́yìn ti kú. Ó rọ̀, ó rọ̀. Mo ní kí ló rọ̀, o ní kò sí nǹkan kan. Sọ fún un, àbí kí n máa mú oúnjẹ mi lọ sílé.”

Saïd pa ẹ́ńjìnnì. Ó di ìdarí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni pé ọkọ̀ náà ṣì ń sáré.

“Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí alùpùpù. Àwọn obìnrin ń fọ aṣọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́bàá odò. Mo rí i tó yí ọkọ̀ kúrò lọ́nà wọn, tó fi lu igi. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, ‘Saïd, ó rọ̀. Ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí elégédé tó ti rà.’ Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.” Ó nu ojú sí èjìká. “Lọ́jọ́ kejì mo tẹ frein náà, ó le. Mo ní, àṣé ìrora ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń sọ òótọ́ fún mi, mo pè é ní ìrànrán.”

“O sì dákẹ́,” ni Ṣìkẹ́mi wí, “nígbà tí wọ́n ń pè é ní awakọ̀ tó sùn.”

“Mo dákẹ́.”

“Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ iṣẹ́ náà, Tata.”

Ó dúró kí Ṣìkẹ́mi lè sọ ohun kan tí yóò mú un fúyẹ́. Ṣìkẹ́mi kò sọ ọ́. Ìbínú rẹ̀ ti rí ibi tí yóò gbà jáde, kò sì fẹ́ dí i mọ́.

Tonton Abíọ́lá ti wá jókòó lórí ògbólógbòó táyà kan. Ó ṣí fìlà kúrò lórí. Irun rẹ̀ funfun ju bí Ṣìkẹ́mi ṣe rò lọ.

“Ṣé èmi ni mo pa àbúrò mi nígbà náà?”

Àwọn ènìyàn wo ilẹ̀. Àwọn sístà tó kọ́ Ṣìkẹ́mi níwèé ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tútù tí a ń sọ fún ẹni tó bá ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Ẹ ò mọ̀, Tonton. Ní báyìí, ẹ ti mọ̀.”

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“Ẹ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní ẹ dárí jì í. Gbogbo ìjọ gbọ́. Ẹ tún dìde níbẹ̀. Ẹ sọ pé kò sùn. Ẹ sọ pé ẹrù rẹ̀ tò. Ẹ sọ ohun tí ẹ ní kí wọ́n pò sínú frein. Kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ kó sì gbọ́.”

Abíọ́lá ń yí fìlà náà lọ́wọ́. Kò sọ pé òun yóò ṣe é, kò sì sọ pé òun kò ní ṣe é. Ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. “Chérifou. Tú omi yẹn dànù. Ọkọ̀ yìí kò lọ síbì kankan.”

Chérifou ká aṣọ sókè, ó wọ abẹ́ ọkọ̀.

“Saïd, tẹ̀ ẹ́ kí omi lè jáde,” ni ó wí láti abẹ́ ọkọ̀.

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

“Tún un tẹ̀.”

Omi náà ń já bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń hó funfun lórí erùpẹ̀ pupa. Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ gba abẹ́ igi kajú náà kan, òórùn aṣọ ọmọ, òórùn ilé. Ṣìkẹ́mi dúró títí ó fi rí i pé omi náà tán. Lẹ́yìn náà ó gbé elégédé rẹ̀. Ìlà dúdú táyà wà lára èèpo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sán.

“Ìyàwó,” ni Abíọ́lá pè é. “Elégédé náà ńkọ́?”

“Mo ń gbé e lọ sílé. Mi ò fọ́ ọ, Tonton. Mi ò sì tíì gé e.”

Màmá wà níbi tó fi í sí, níwájú ààrò. Omi inú ìkòkò ti dín kù dé àárín, ọmọrí ṣì ń fò.

“Saïd ńkọ́?”

“Ó wà ní gáráàjì. Kò lọ mọ́.”

“Abíọ́lá ńkọ́? Ṣé ó gbọ́?”

“Ó gbọ́. Kò tíì sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara rẹ̀.”

Ṣìkẹ́mi tẹ́ koríko gbígbẹ sí igun yàrá tó tutù, bí Tìmílẹ́yìn ṣe máa ń tẹ́ ẹ. Ó gbé elégédé náà lé e, ó fi ọwọ́ nù ún, ó sì fi orí rẹ̀ sókè.

“Ṣé ká gé e?” ni Màmá béèrè.

“Èèpo rẹ̀ le, Màmá. Ó lè dúró dè é.”

Ìyá àgbà náà wo elégédé náà fún ìgbà díẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó fi etí aṣọ nù ún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gé nǹkan kan, ó sì fi í há ara ògiri níbi tó máa ń wà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí iná.